Ọkọ́ Gọ́ọ̀fù Bàbá Akọ̀wé

Nígbà tí ìjọba òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti í jókòó lé Àkókó lórí, Ajẹ́lẹ̀ kò gbọ́ èdè wa, àwa náà kò sì gbọ́ tirẹ̀. Láàárín ẹnu Ajẹ́lẹ̀ àti etí ìlú, ènìyàn kan ṣoṣo ló dúró. Clement Fọláránmi ni orúkọ rẹ̀, akọ̀wé kóòtù kékeré kan tó wà lójú ọ̀nà Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà, èyí tí òjò ti wó lulẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Òun ni akọ̀wé, òun náà ni ògbufọ̀. Ohun tí ó bá ní òyìnbó sọ, òun ni òyìnbó sọ, bí òyìnbó tilẹ̀ sín lásán ni.

Kì í ṣe ọmọ Àkókó. Ó ní Èkó ni òun ti wá. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní ṣe ló gba Èkó kọjá. Bí ẹ bá kí i ní "Ẹ káàárọ̀" lásán, kò ní dá yín lóhùn. Ẹ gbọ́dọ̀ kí i tán: "Bàbá Akọ̀wé, Akọ̀wé Àgbà, Ẹnu Ajẹ́lẹ̀, Etí Ọba Gẹ̀ẹ́sì, Òpó tí kóòtù fẹ̀yìn tì, ẹ káàárọ̀ o." Ìgbà tí ènìyàn bá fi kà á délẹ̀, oòrùn ti gun òkè, òun náà yóò sì dáhùn pé, "Ẹ káàsán."

Ajẹ́lẹ̀ kan tí ibà lé padà sí ìlú rẹ̀ ló fi àpò igi gọ́ọ̀fù kan sílẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ gọ́ọ̀fù, eré òyìnbó ni. Wọn a fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan títí yóò fi kó sínú ihò, wọn a tún bẹ̀rẹ̀ wọn a yọ ọ́, wọn a lọ gbá a sínú ihò mìíràn. Kò sí ẹni tó bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò kúkú fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ nínú ihò àkọ́kọ́. Fọláránmi ló jogún àpò náà. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń wá ilẹ̀ tó tẹ́jú, bẹ́ẹ̀ Àkókó jẹ́ ibi òkè àti àpáta. Nígbà tó rí ọ̀kan ní ẹsẹ̀ òkè, lẹ́bàá ọ̀nà Ọ̀kà, ó ní ìjọba nílò rẹ̀. Ó gé koríko ibẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbẹ́ ihò sí i, ó da yanrìn sí apá kan, ó sì pè é ní pápá.

Pápá yìí ni oko ọkọ Àsàmáù.

Opó ni Àsàmáù, ará Ọ̀kà. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ilẹ̀ yẹn ló fi ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, kò sì ní òmíràn. Ó gbé ẹjọ́ wá sí kóòtù, ẹjọ́ náà sì wà lọ́wọ́ Fọláránmi, nítorí òun ló ń pe ẹjọ́ síwájú. Gbogbo ìgbà tí ó bá ti kàn án, Fọláránmi a ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bí òjò náà bá kọjá láìkọ ebè, iṣu kò ní sí lọ́dún yẹn, ohun tí ilé opó ń jẹ lọ́dún tí kò sí iṣu, ẹ kò ní fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Nínú àpò gọ́ọ̀fù náà, irin méjì wà tí ojú wọn pẹlẹbẹ, tó dagun díẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń gbé bọ́ọ̀lù sókè tó bá há sínú yanrìn. Òyìnbó ní orúkọ tí ó ń pè é, ṣùgbọ́n ohun tó ní èèkù igi lókè tó sì ní irin pẹlẹbẹ nísàlẹ̀, kí ni àgbẹ̀ yóò pè é bí kò ṣe ọkọ́? Bí gbogbo ìlú ṣe ń pè é ní ọkọ́ gọ́ọ̀fù nìyẹn, Bàbá Akọ̀wé náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn irin náà ti darúgbó. Àwọn ilà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lójú wọn ti parẹ́, ọrùn ọ̀kan sì ti ń mì.

Ìròyìn wá dé pé Ajẹ́lẹ̀ Àgbà, ọ̀gá gbogbo àwọn Ajẹ́lẹ̀, ń bọ̀ wá yan ẹnì kan ṣe olórí gbogbo akọ̀wé kóòtù ní Àkókó. Ìròyìn náà fi kún un pé kò sí ohun tí Ajẹ́lẹ̀ Àgbà fẹ́ràn láyé ju gọ́ọ̀fù lọ. Fọláránmi gbọ́, ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ó ti rí ara rẹ̀ lórí àga náà. Kí ló kù? Ọkọ́ gọ́ọ̀fù ló kù. Lọ́jọ́ tí ẹjọ́ Àsàmáù tún yẹ kó wáyé, ó pe ìgbìmọ̀.

"Ẹ̀yin àgbààgbà," ni ó bẹ̀rẹ̀, ó sì na ọrùn sókè kúrò nínú kọ́là, "ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lónìí wúwo. Ó ju ogun lọ. Ó ju ìyàn lọ. Bí a bá ṣì í ṣe, ọmọ ọmọ wa yóò máa fi wá bú. Ṣé kí a máa lo ọkọ́ gọ́ọ̀fù wa bó ṣe wà, àbí kí a fi tuntun rọ́pò rẹ̀?"

Ẹ gbọ́ ọ o: "wa". Òun nìkan ló ń gbá a láti ọjọ́ yìí, ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀rọ̀ ríra, ó di tiwa.

Suleiman, oníṣòwò aṣọ tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣáájú òun yin Akọ̀wé, fò dìde. "Ẹnu Ajẹ́lẹ̀! Ẹ jẹ́ kí n wo irin náà." Wọ́n gbé e lé e lọ́wọ́. Ó wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn, omijé sì lé sí i lójú. "Háà! Ilà ojú rẹ̀ ti parẹ́! Irin tó ti ìlú ọba wá, tí kò ní ilà lójú mọ́, ta ni yóò mọ ìdílé rẹ̀? Bí Ajẹ́lẹ̀ Àgbà bá rí i lọ́wọ́ yín, ṣé kò ní rò pé ẹ kàn he é lójú ọ̀nà ni?"

Badmus, àgbẹ̀ kan tí kò tíì mọ bí a ti í ṣe ìgbìmọ̀, fi ọwọ́ họ orí. "Ṣùgbọ́n ọkọ́ tó ti mọ ọwọ́ ẹni dára o. Ọkọ́ tuntun a máa bó ni lọ́wọ́."

Fọláránmi wò ó bí ẹni wo kòkòrò nínú ọbẹ̀.

"Ọwọ́ tèmi ni mò ń wí," ni Badmus yára fi kún un. "Ọwọ́ tiyín kò lè bó, Bàbá Akọ̀wé. Ọwọ́ ńlá ni."

Wọ́n sọ ọ́ títí oòrùn fi kan àtàrí. Ẹnì kan ní kí wọ́n ra ọ̀kan, kí wọ́n fi ọ̀kan sílẹ̀. Wọ́n ní ìyẹn yóò dá owú sílẹ̀ láàárín àwọn irin. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n tún ilà ojú náà kọ. Wọ́n bi í pé ta ni ń kọ ilà fún arúgbó. Níta, Àsàmáù jókòó sórí òkúta láti òwúrọ̀. Ó bi Pius, akódà kóòtù, pé kí ni wọ́n ń sọ pẹ́ tó báyẹn.

"Ọ̀rọ̀ ọkọ́ ni," ni Pius dáhùn.

"Ọkọ́?" Ojú Àsàmáù là. "A dúpẹ́ o. Wọ́n ti ń sún mọ́ ọ̀rọ̀ oko nìyẹn."

Níkẹyìn, Fọláránmi ní kí ìgbìmọ̀ jáde wá dán àwọn irin náà wò kí wọ́n tó dájọ́ wọn. Gbogbo wọn tẹ̀lé e lọ sí pápá. Ó bọ́ ẹ̀wù kóòtù rẹ̀, ó gbé bọ́ọ̀lù sórí yanrìn, ó ya ẹsẹ̀, ó mi ìdí lọ mi ìdí bọ̀, ó gbé irin sókè, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ tagbáratagbára. Bọ́ọ̀lù kò gbéra. Ilẹ̀ ló gbéra. Ògúlùtu kan fò dìde, ó rìn jìnnà díẹ̀, ó sì balẹ̀ sórí fìlà Suleiman.

"Ó lọ tààrà!" ni Suleiman kígbe láti abẹ́ erùpẹ̀.

Fọláránmi mú irin kejì. Ògúlùtu kejì tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Ẹ̀yin náà rí i," ni ó wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, "irin ti gbó." Gbogbo ìgbìmọ̀ ní lóòótọ́, irin ti gbó. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò mọ̀ pé kì í ṣe irin ni nǹkan ń ṣe, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́? Ọ̀lẹ ní àwíjàre, aláṣẹ sì ní ẹlẹ́rìí.

Àsàmáù, tó tẹ̀lé wọn wá, kò mọ̀ pé a kì í sọ̀rọ̀. "Bàbá Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń ro ó báyìí, usu kò ní ta níbẹ̀ o. Ẹ dákun, ẹ fún mi ní ulẹ̀ ọkọ mi kí òjò yìí tó lọ."

"Obìnrin yìí," ni Fọláránmi wí, "ẹjọ́ rẹ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ ìlú ń lọ lọ́wọ́."

Bí wọ́n ṣe fẹnu kò nìyẹn pé kí Suleiman ránṣẹ́ sí Èkó fún irin tuntun. Àgbà tó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀ ì bá ti dákẹ́ síbẹ̀. Fọláránmi ní rárá o, ìpinnu ńlá kò gbọdọ̀ sùn nínú ilé, ìlú gbọ́dọ̀ gbọ́, kí èrò lè pọ̀ lọ́jọ́ tí òun yóò ṣí aṣọ lójú irin náà níwájú Ajẹ́lẹ̀ Àgbà. Ó pe Pius.

"Lọ sọ fún gbogbo Àkókó: ìgbìmọ̀ ti jókòó, ó ti dìde. Àwọn ọkọ́ gọ́ọ̀fù tó ti gbó, tuntun ni yóò rọ́pò wọn lọ́jọ́ tí Ajẹ́lẹ̀ Àgbà bá dé. Kí tọmọdé tàgbà wá."

Pius la ẹnu. "Bàbá, gọ́ọ̀fù yìí, ṣé..."

"Akódà kì í bèèrè ọ̀rọ̀! Ẹsẹ̀ ni ìjọba gbà ọ́ fún, kò gbà ọ́ fún orí."

Ẹ jẹ́ kí n bá Pius rojọ́ díẹ̀. Ní ìlú tirẹ̀, èdè mìíràn ni wọ́n ń sọ nínú ilé; Yorùbá tí ó gbọ́, ojú ọ̀nà ló ti he é. Àwọn ìlú tó ń lọ náà, ọ̀pọ̀ wọn ló ní èdè tiwọn. Ó ń rìn lọ, ó ń rò ó. Gọ́ọ̀fù. Kí ló ń jẹ́ gọ́ọ̀fù? Ó ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu ìlú tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹnì kankan kò túmọ̀ rẹ̀ fún un rí. Ó mọ Gọ́fúmẹ́ǹtì, ojoojúmọ́ ni Bàbá Akọ̀wé ń pè é. Ó ronú pé àgbà kì í pe odidi orúkọ ẹni tí wọ́n bá ti mọwọ́ ara wọn tán. Bí a ti ń pe Raliatu ní Raliat, bẹ́ẹ̀ náà ni Bàbá Akọ̀wé ṣe ń pe Gọ́fúmẹ́ǹtì ní Gọ́ọ̀fù. Ọ̀rọ̀ wá yé e. Nígbà tó dé Ọ̀kà, ó kéde pé, "Gọ́fúmẹ́ǹtì ní kí gbogbo ẹni tí ọkọ́ rẹ̀ ti gbó gbé e wá, kó wá gba tuntun!"

Ọ̀rọ̀ sì ní ẹsẹ̀ ju akódà lọ. Nígbà tó fi dé Ògbàgì, ó ti di ọkọ́ àti àdá. Nígbà tó fi gba Àfìn kọjá dé Òkè-Àgbè, ó ti di ọkọ́, àdá àti àpò iyọ̀ kọ̀ọ̀kan fún olúkúlùkù.

Ọjọ́ pé. Fọláránmi wọ kóòtù onípele lórí kóòtù, ó dé àkẹtẹ̀, ó sì wọ ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo sí ọwọ́ òsì bí àwọn agbá-gọ́ọ̀fù ti í ṣe. Àwọn ènìyàn ṣàánú rẹ̀, wọ́n rò pé ìkejì ti sọnù. Ajẹ́lẹ̀ Àgbà dé, ó sanra, ó pọ́n bí epo, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Bí ó ti ń jókòó ni èrò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ọkùnrin, obìnrin, láti Ọ̀kà, láti Ògbàgì, láti Àfìn, gbogbo wọn pẹ̀lú ọkọ́ léjìká.

"Àwọn ènìyàn mi nìyí, Sà," ni Fọláránmi sọ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì. "Ìfẹ́ mi ló ń dà wọ́n láàmú." Ó rí ọkọ́ léjìká wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà wo ni àgbẹ̀ kì í gbé ọkọ́? Ó dìde, ó sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ títí àwọn ọmọdé fi sùn, ó wá di etí aṣọ tí wọ́n fi bo irin tuntun mú. "Ẹ wò ó! Ọkọ́ gọ́ọ̀fù tuntun dé!" Ó sì ṣí i.

Ariwo ayọ̀ tó sọ, àpáta gbè é. Ajẹ́lẹ̀ Àgbà pàápàá dìde. Kíá ni àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í ju ọkọ́ gbígbó síwájú Fọláránmi, ó ń dún gbàràgbàrà, títí òkìtì rẹ̀ fi ga dé orókún rẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n wá wo irin tuntun dáadáa.

"Méjì péré?" ni ẹnì kan bi. "Fún gbogbo Àkókó?"

Àmúsà, àgbà àgbẹ̀ kan láti Ọ̀kà, mú ọ̀kan, ó yí i lọ yí i bọ̀. "Bàbá Akọ̀wé, èé ti jẹ́ tí wọ́n kọ ojú rẹ̀ síta? Bí mo bá fi èyí kọ ebè, ẹni tó wà níwájú mi ni yóò gba erùpẹ̀ yẹn. Ẹ gbé èyí fún ẹlòmíràn. Tèmi dà?"

"Tèmi náà dà?"

"Iyọ̀ wa dà?" ni àwọn ará Òkè-Àgbè ké láti ẹ̀yìn. Àwọn ará Àfìn yíjú sí wọn pé iyọ̀ wo, ta ló sọ ọ̀rọ̀ iyọ̀.

Ọ̀rọ̀ yé Fọláránmi wàyí. Òógùn bò ó lábẹ́ kóòtù méjèèjì. Ajẹ́lẹ̀ Àgbà sì tẹ̀ síwájú. "Kí ni wọ́n ń sọ?"

Òtítọ́ kò le lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Ìbá kúkú sọ pé àṣìgbọ́ ni, òyìnbó ìbá rẹ́rìn-ín, wọn ìbá túká. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ti ń bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ débi pé kò mọ bí ọ̀rọ̀ lásán ti ń dùn mọ́. "Wọ́n ní inú àwọn dùn, Sà," ni ó wí. "Wọ́n gbé irinṣẹ́ wọn wá láti fi bọlá fún yín. Wọ́n fẹ́ tún pápá gọ́ọ̀fù ṣe."

Ajẹ́lẹ̀ Àgbà ṣí fìlà. Ó ní òun kò tíì rí ibi tí wọ́n ti fẹ́ràn gọ́ọ̀fù tó báyìí, ní ìlú òun pàápàá. "Sọ fún wọn kí wọ́n bẹ̀rẹ̀."

Fọláránmi yíjú sí ìlú. "Ajẹ́lẹ̀ Àgbà ní ọkọ́ yín ń bọ̀! Ó ń bọ̀! Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kọ́kọ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ẹ mú àwọn tó gbó yẹn, kí ẹ fi tún ilẹ̀ pápá yìí ṣe."

Tún ilẹ̀ ṣe! Ohun tó ní lọ́kàn ni kí wọ́n ṣa òkúta, kí wọ́n gé koríko. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ fún àgbẹ̀ Àkókó ní àkókò òjò àkọ́rọ̀ pé kó tún ilẹ̀ ṣe. Ohun kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n sí, ebè ni.

Wọ́n ti ń ṣa ọkọ́ wọn nígbà tí Àsàmáù bọ́ síwájú. "Bàbá Akọ̀wé, ulẹ̀ ọkọ mi tó wà níbẹ̀ ń kọ́? Ṣé Ajẹ́lẹ̀ ti dá a padà fún mi?"

Ajẹ́lẹ̀ Àgbà ń wò wọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí Fọláránmi bá sọ pé rárá, opó yìí yóò ké, òyìnbó yóò sì bèèrè ohun tó ń pa á lẹ́kún. Ó rò ó pé bí òyìnbó bá ti lọ tán, òun yóò sọ pé òun kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó mi orí, ó tún mi orí. "Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo rẹ̀. Máa lọ."

Ó mú Ajẹ́lẹ̀ Àgbà wọlé lọ jẹ adìẹ. Láàárín itan adìẹ àti ìyẹ́ rẹ̀, ó ròyìn ara rẹ̀ débi pé Ajẹ́lẹ̀ Àgbà sọ pé òun kò tún rí ẹlòmíràn tó yẹ fún ipò náà. Ó kù kí wọ́n gbá gọ́ọ̀fù díẹ̀, kí òun tó fi ọwọ́ sí i. Fọláránmi gbé irin tuntun méjèèjì léjìká, ó ṣáájú, wọ́n jáde.

Kò sí pápá mọ́. Ebè ló wà níbẹ̀, ebè lórí ìlà, láti etí ọ̀nà dé ẹsẹ̀ òkè. Wọ́n ti kó yanrìn dànù. Àwọn ihò tí bọ́ọ̀lù ń wọ̀, ebu iṣu ti wà nínú wọn, nítorí àgbẹ̀ kì í fi ihò ṣòfò. Àsàmáù àti àwọn obìnrin Ọ̀kà ń gbìn ín lọ, wọ́n ń kọrin.

"Kí ni èyí?" ni Ajẹ́lẹ̀ Àgbà bi. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ọ̀tẹ̀ ni, Sà!" Ohùn Fọláránmi ti yí padà. "Obìnrin yẹn ló kó wọn sòdí! Olè ilẹ̀ ni! Ó ti pẹ́ tí ẹjọ́ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ mi!"

"Obìnrin yẹn? Kì í ṣe òun ló bi ọ́ ní nǹkan lẹ́ẹ̀kan? Mo rí i tí o mi orí fún un. Orí mímì kò nílò ògbufọ̀. Kí ni ó bi ọ́?"

Fọláránmi wo Suleiman. Suleiman ń gbọn fìlà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan lára fìlà náà. Pius, tó ti kó ẹrù fún ṣọ́jà rí tó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jákujàku, rò pé ọ̀gá òun nílò ìrànlọ́wọ́. Ó na ara gbọnrangandan, ó kí Ajẹ́lẹ̀ bíi ṣọ́jà, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀: pé Gọ́fúmẹ́ǹtì ló fẹ́ fún ìlú ní ọkọ́ tuntun, pé obìnrin náà bèèrè ilẹ̀ rẹ̀, pé Bàbá Akọ̀wé sì ní Ajẹ́lẹ̀ ti dá a padà. Inú Pius dùn. Ó rò pé wọn yóò fi òun joyè.

Ajẹ́lẹ̀ Àgbà ní ohun tí ẹnu ìjọba bá ti sọ lójú gbogbo ìlú, ìjọba kò lè gbé e mì. Ilẹ̀ náà di ti opó. Ní ti ọkọ́ tuntun, ó ní ìjọba yóò gbé e yẹ̀ wò. Títí di òní, ìjọba ṣì ń gbé e yẹ̀ wò.

"Ó ku ọ̀kan," ni ó wí. "Yíjú sí wọn, kí o sọ fún wọn pé láti òní lọ, o kì í ṣe akọ̀wé mọ́, o kì í sì ṣe ògbufọ̀ mọ́. Ìwọ ni kí o sọ ọ́. Ẹnu rẹ nìkan ni wọ́n ti máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìjọba."

Fọláránmi yíjú sí ìlú. Àwọn èrò fi ọwọ́ lérí èèkù ọkọ́, wọ́n ń wò ó. Inú mi kò bàjẹ́ fún un, n kò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà korò láti tú.

"Ajẹ́lẹ̀ Àgbà ní," ni ó bẹ̀rẹ̀, "ilẹ̀ Àsàmáù di ti Àsàmáù."

Wọ́n hó yèè. Àsàmáù jókòó sórí ebè, ó bú sẹ́kún.

"Ó tún ní..." Ó bojú wẹ̀yìn wo Ajẹ́lẹ̀ Àgbà. "Ó ní iṣẹ́ mi ti pọ̀ jù. Ó ní kí n lọ sinmi."

Ọmọlúàbí ni àwọn ará Àkókó. A kì í gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ká máà kí ènìyàn. "Ẹ kú ìsinmi o, Bàbá Akọ̀wé!" ni gbogbo pápá dáhùn, gbogbo ẹnu, gbogbo èdè. Àsàmáù nu ojú pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún erùpẹ̀. "Ẹ sinmi dáadáa o, Bàbá. Ẹ má wulẹ̀ kánjú bọ̀ rárá."

Ajẹ́lẹ̀ Àgbà fi etí sílẹ̀. "Kí ni wọ́n ń sọ?"

Fọláránmi bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

"Wọ́n ń dúpẹ́, Sà," ni ó wí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n sì ń sọ.